Ẹsẹ̀ Òsì Ló Ń Ṣíwájú

A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni,
ṣùgbọ́n nínú báńdì tí bàbá mi kó jọ ní Sábó, ní Sáríà,
ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣíwájú.
Ọmọ tó bá fi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀
yóò sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fẹnu kan omi.

Ṣéènì kẹ̀kẹ́ àti táyà ló ń tà láàárín ọ̀sẹ̀.
Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á fa ọ̀pá olórí-idẹ yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
Ọláoṣebìkan á kúrò nílé,
Méjọ̀ á dé pápá.

Fèrè aláàpò mẹ́rin ni gbogbo ọrọ̀ wọn.
Ọyẹ́ a máa la awọ àpò náà bí ó ti ń la gìgísẹ̀ darandaran.
Òun a fi òrí pa á, a gbé e há abíyá, a fẹ́ ẹ wò
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí àlejò.

"Ọ̀rọ̀ méjì ni àṣẹ," ó máa ń wí,
"ti ìṣáájú ń kìlọ̀, ti ìkẹyìn ń gbé ẹsẹ̀.
Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ nígbà ìkìlọ̀, olójúkòkòrò ni.
Àárín méjèèjì ni kí ẹ ti mí."
Bai di sẹ́ńtà...
Irimíyà á gbé igi ìlù dé agbọ̀n.
Kúìkì...
Èémí á wọ àpò.
Máàṣì!
Eruku á dìde, àwọn àgbà abẹ́ dógóyárò á fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn.

Àbáò, á fà á gùn bí ẹni ń pe èèyàn lódìkejì odò,
títí ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò fi kanlẹ̀;
ìgbà náà ni táànù á já bọ́,
ọ̀nà ilé á di ọ̀nà oko.

Ṣùgbọ́n hóòtì ni ìṣòro.
Ẹsẹ̀ a gbọ́, ìlù a gbọ́,
àpò kì í gbọ́.
Fèrè Istifánù a máa kérora lọ ní tirẹ̀,
a rẹlẹ̀, a tún rẹlẹ̀, bí ewúrẹ́ tó rántí ilé.
Méjọ̀ a dúró tì í, ọ̀pá lábẹ́ apá:
"Istifánù, ṣé o ti parí ọ̀rọ̀ rẹ?"

Lọ́jọ́ tí apá òsì rẹ̀ kú, okùn bàtà ló ń so.
Ohùn bá a lọ.
Ní ọsibítù Ṣíkà, wọ́n gbé e dúró sáàárín irin méjì.
Lántànà tó ń kọ́ ọ ní ìrìn ní, "Baba, hagu."
Ẹsẹ̀ kò mira.
"Hagu, Baba. Sannu."
Ó wo ẹsẹ̀ òsì náà
bí ẹni wo ọmọ tó pẹ́ dé pápá, tí kò sì de bẹ́líìtì.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde.
Mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo gbé agboòrùn mi nàró.
Bai di sẹ́ńtà, mo ní, kò ròkè.
Mo dúró. Kúìkì.
Àyà rẹ̀ kún. Mo rí i tó kún.
N kò sọ èyí tó kù. Tirẹ̀ ni.

Ẹnu tó wọ́ ṣí díẹ̀: "Má..."

Bàbá ará Ọ̀fà tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, tó ń retí ti ẹ̀, ní,
"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ẹ̀yin náà ò gbọ́? Ó ní má."
Mo mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni.
A dúró de ìdajì kejì.
Kò dé.
Bàtà òsì ha sìmẹ́ńtì,
kò ju ìwọ̀n nọ́ọ̀tù kẹ̀kẹ́ kan lọ,
síwájú.

Lẹ́yìn náà ló mí,
èémí gígùn, ó ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀.
Mo fi agboòrùn há abẹ́ apá,
mo dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.